Rashidi Yekini lẹ́yìn góòlù Dallas: àkọsílẹ̀ bí nǹkan ṣe yí padà fún un

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Rashidi Yekini, Dallas ni ọkàn gbogbo wa máa ń sáré lọ. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní pápá Cotton Bowl, Finidi George ta bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún gba iwájú ilé Bulgaria, Yekini na ẹsẹ̀ sí i, ó wọlé. Ó sáré wọnú àwọ̀n, ó ti ọwọ́ méjèèjì yọ láti ojú àwọ̀n, ó ń ké, omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé nìyẹn, a sì na Bulgaria ní 3-0 lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Yekini nígbà yẹn. Òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 1993, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà rí ṣáájú rẹ̀. Ní líìgì àgbà ilẹ̀ Pọ́túgà ní sáà 1993/94, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù tó o: 21 ni tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994 kan náà, Nàìjíríà gba Ife Áfíríkà ní Tunisia, Yekini ló sì jẹ góòlù jù níbẹ̀. Ẹni tó ní gbogbo èyí lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀, a máa rò pé òkè ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀. Àmọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e, ìdíje líìgì mẹ́rin péré ló gbá ní Gíríìsì. Láti ìgbà náà títí tó fi pa bọ́ọ̀lù tì, kíláàbù kan ṣoṣo ní Yúróòpù ló tún rí i bí Setúbal, kíláàbù rẹ̀ ní Pọ́túgà, ṣe rí i.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dáhùn pé ìpalára ni, tàbí pé ọjọ́ orí ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tò ó pọ̀, ohun tó tóbi jù tí Yekini pàdánù lọ́dún náà ni àwọn ènìyàn tó mọ ibi tí yóò wà kí òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú atamátàsé tó jẹ́ ná. Kì í ṣe ẹni tí ń fi bọ́ọ̀lù tan ènìyàn mẹ́ta jẹ kí ó tó gbá a. Okocha ló ni iyẹn. Yekini ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ó lè sáré, bó bá sì gbá bọ́ọ̀lù tọkàntọkàn, aṣọ́lé ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń rí i lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kúrò lára ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú kí bọ́ọ̀lù tó dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dá ṣe. Ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá gbọ́dọ̀ mọ̀, láìwo ojú rẹ̀, pé ó ti ń wọ àárín àwọn ẹ̀yìn lọ. Ẹni tó wà láàárín gbọ́dọ̀ gbà láti ta bọ́ọ̀lù sí àyè tó ṣófo níwájú rẹ̀, kí ó fọkàn tán an pé yóò lé e bá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ sì ni góòlù Yekini ṣe rí: ẹ wo ti Dallas gan-an, iṣẹ́ Finidi ló fi ẹsẹ̀ kan parí.

Ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí jìnnà sí Yúróòpù. Kaduna ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá Kwara. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL, ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ ní Kaduna, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1982 ó wá sí Ìbàdàn, ó wọ Shooting Stars, tí a tún ń pè ní 3SC. Nígbà yẹn pápá Liberty ni ilé 3SC, Sẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọmọ tuntun tó bá sì dé gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn èrò Ìbàdàn ń pè ní bọ́ọ̀lù. Wọ́n gba líìgì ní 1983. Ní 1984 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn kíláàbù tó gba líìgì ní Áfíríkà, Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì nà wọ́n lálọ, ó sì nà wọ́n lábọ̀. Ìdíje yẹn ni Ọdẹ́gbàmí fi dágbére fún pápá. Yekini tẹ̀ síwájú lọ sí Abiola Babes, kíláàbù olóògbé M.K.O. Abíọ́lá, tó gba ife Challenge ní 1985, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1987 kó tó kọjá sí Africa Sports ní Abidjan.

Mo dárúkọ gbogbo èyí nítorí pé àwọn kan máa ń kọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé Pọ́túgà ni wọ́n ti dá a. Ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó tẹ Setúbal. Ó ti wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó pàdánù àṣekágbá Ife Áfíríkà ní 1984, ní 1988 àti ní 1990. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni wọ́n rà.

Setúbal wà ní gúúsù Lisbon, létí ibi tí odò Sado ti ń wọ òkun, ìlú apẹja tó ti ní ilé-iṣẹ́ tí ń di ẹja sínú agolo nígbà kan rí. Vitória Setúbal kì í ṣe Benfica, kì í ṣe Porto. Ní sáà àkọ́kọ́ tí Yekini débẹ̀, 1990/91, kíláàbù náà já bọ́ sí ìpele kejì. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Atamátàsé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kíláàbù rẹ̀ já, tí ó sì ń ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, a máa wá ọ̀nà àtilọ ni. Yekini kò lọ. Ó dúró, ó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ìpele kejì fún sáà méjì, ó ń jẹ góòlù ní àwọn pápá kéékèèké tí kò sí ẹni tó ń fi tẹlifíṣọ̀n wò, títí wọ́n fi tún gòkè ní 1993. Ìgbà tí wọ́n padà sáàárín àwọn ńlá ló wá jẹ góòlù 21 yẹn.

Ọdún mẹ́rin ní kíláàbù kan. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹni tí ń ta bọ́ọ̀lù sí ọ ti mọ ẹsẹ̀ tí o fẹ́ràn, ó mọ ìgbà tí o máa yà sọ́tùn-ún, ó mọ̀ pé bí o bá gbá mẹ́ta sókè ilé, ẹ̀kẹrin yóò wọlé, kò sì ní tìtorí mẹ́ta yẹn dáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ̀rí rẹ̀ sì hàn lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní, Yekini kò tún ní irú sáà bẹ́ẹ̀ mọ́ ní líìgì kankan ní Yúróòpù. Ọ̀nà kejì, èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí: sáà tí ó fi wọ́n sílẹ̀, 1994/95, Vitória Setúbal tún já. Àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ara wọn ró.

Ikọ̀ Super Eagles tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemens Westerhof kó jọ láti 1989 náà mọ̀ ọ́n lò. Finidi wà ní ọ̀tún, Emmanuel Amuneke wà ní òsì, Daniel Amokachi ń sún mọ́ ọn láàárín. Ní Senegal ní 1992 ó jẹ góòlù mẹ́rin, òun ló ga jù nínú ìdíje náà, a ṣe ipò kẹta. Ní Tunisia ní 1994 ó jẹ márùn-ún: méjì sínú ilé Gabon, méjì sínú ilé Zaire, ọ̀kan sínú ilé Ivory Coast kí a tó fi pẹnárítì borí wọn. Ní àṣekágbá, Amuneke ló jẹ méjèèjì tí a fi na Zambia ní 2-1. Ẹ kíyè sí i pé ní ọjọ́ tí ife dé ọwọ́ wa, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára góòlù, bẹ́ẹ̀ Yekini ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù nínú ìdíje náà. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Lẹ́yìn Bulgaria, Yekini kò jẹ góòlù mọ́ ní Amẹ́ríkà. Argentina nà wá ní 2-1, Samson Siasia ló jẹ tiwa. A na Greece ní 2-0, Finidi àti Amokachi ló jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, Italy dá wa dúró ní Foxboro: Amuneke ti fi wá síwájú, Roberto Baggio dá a padà nígbà tó ku díẹ̀ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, ó sì fi pẹnárítì parí rẹ̀ ní àfikún àkókò.

Ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìgbà náà ni pé àwọn kan nínú ikọ̀ kò fún un ní bọ́ọ̀lù mọ́, pé ayọ̀ tó yọ̀ nínú àwọ̀n lọ́jọ́ Bulgaria bí wọn nínú. Mo ti gbọ́ ọ ní ilé ìgẹrun, mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, àwọn tó ń sọ ọ́ sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní yàrá ìmúra. Èmi kò ní gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tí mo rí nínú àwọn ìdíje náà ni pé gbogbo àgbáyé ti rí i. Bulgaria kò mọ̀ ọ́n tó. Italy mọ̀ ọ́n, Paolo Maldini àti Alessandro Costacurta sì kì í ṣe ẹni tí ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ mo gbà pé nǹkan kan bàjẹ́ láàárín òun àti àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn ìdíje náà Yekini kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbára lé ìfọkàntán, bí ìyè méjì bá ti wọ àárín òun àti ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, iyẹn tó láti dín góòlù kù.

Inú ipò yìí ló ti lọ sí Olympiacos ní Piraeus, ní Gíríìsì. Owó wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá ọmọ ọgbọ̀n ọdún wí pé ó fẹ́ kó owó jọ. Ṣùgbọ́n kò bá àwọn tó bá níbẹ̀ rẹ́, orúnkún rẹ̀ sì dá a dúró. Ìdíje mẹ́rin ní líìgì, góòlù méjì. Lórí ìwé, iye yẹn kò burú fún ẹni tó fara pa. Kò sì sí àyè láti dúró dè é.

Ìdí tí kò fi sí àyè ni ohun kan tí àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀ dáadáa. Nígbà yẹn, kíláàbù kò lè kó ọmọ ilẹ̀ òkèèrè bó ṣe wù ú. Nínú ìdíje UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, mẹ́ta ni wọ́n gbà, pẹ̀lú méjì mìíràn tó bá ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà, líìgì kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀. Àyè àjèjì dà bí àga nínú ilé tí àlejò pọ̀ sí: bí o bá dìde, ẹlòmíràn á jókòó. Ọmọ onílé tí orúnkún ń dùn lè tọ́jú ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ó padà wá. Àjèjì tí orúnkún ń dùn, àyè tí kíláàbù ń fẹ́ lò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ẹjọ́ Bosman, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Belgium, wọ́n sì tú àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù sílẹ̀ nínú ìkàyè yìí. Àǹfààní ńlá ni fún àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Yúróòpù. Fún ọmọ Kaduna tó ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tó wà ní Sporting Gijón ní Sípéènì ní àkókò náà gan-an, ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwọn tí yóò máa bá a du àyè ti di púpọ̀ sí i. Kò rí ẹsẹ̀ gbé ní Gijón.

Nígbà tí Yúróòpù ti ilẹ̀kùn, ilé náà ti tirẹ̀. Ní ìparí ọdún 1995, ìjọba ológun Abacha pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, ayé bínú, Nelson Mandela sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ síta jù. Ife Áfíríkà ọdún 1996, South Africa ló gbà á lálejò. Abacha kò jẹ́ kí Super Eagles lọ, àjọ CAF sì fi ìyà jẹ wá, a kò sí nínú ti 1998 pẹ̀lú. Àwa tó gba ife náà kẹ́yìn kò lè dáàbò bò ó.

Ẹ wo ohun tí èyí gbà lọ́wọ́ Yekini. Góòlù mẹ́tàlá ló ti jẹ nínú Ife Áfíríkà láti 1984 sí 1994. Ẹni tó ní púpọ̀ jù nígbà yẹn ni Laurent Pokou ti Ivory Coast, mẹ́rìnlá, láti 1968 àti 1970. Góòlù kan ṣoṣo ló kù kí ó bá a dọ́gba, méjì kí ó kọjá rẹ̀. Kò tún ní àǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù kan sí i nínú ìdíje náà mọ́ láyé. Àkọsílẹ̀ Pokou dúró títí di 2008, nígbà tí Samuel Eto'o kọjá rẹ̀. Mo ka èyí sí àdánù tó burú ju Olympiacos lọ, nítorí Olympiacos, òun ló yàn án. Ẹni tó gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe agbábọ́ọ̀lù.

Nígbà òòrùn 1996 àwọn ọmọ wa gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Olympic ní Atlanta. Amokachi àti Amuneke wà níbẹ̀, Nwankwo Kanu ti dé, Victor Ikpeba ti dé. Yekini kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó sọ pé ọjọ́ orí ló pa á, kí wọ́n wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó kọ́kọ́ padà sí Setúbal fún ìgbà díẹ̀ ní 1997. Lẹ́yìn náà ó lọ sí FC Zürich ní Switzerland, ó sì jẹ góòlù 14 ní líìgì ní sáà 1997/98, nígbà tó ti ń lọ sí ọmọ ọdún márùndínlógójì. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Orúnkún kan náà. Kíláàbù tó nílò rẹ̀ ló gbà á, wọ́n fi í síwájú, wọ́n sì ń ta bọ́ọ̀lù sí i. Ìyẹn ló gbé e padà sínú Super Eagles fún Ife Àgbáyé 1998 ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí a ti na Spain ní 3-2 tí Denmark sì wá nà wá ní 4-1 tí a fi padà sílé.

Ìyókù ìrìn rẹ̀ kò gùn láti sọ: Bizerte ní Tunisia, Al-Shabab ní Saudi Arabia, Africa Sports ní Abidjan lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà Julius Berger ní Nàìjíríà. Ní 2005, nígbà tó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún, ó tún bọ́ sí pápá fún Gateway ti ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì bá Mobi Oparaku, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ nínú Super Eagles, pàdé níbẹ̀. Góòlù 37 ló jẹ fún Nàìjíríà. Victor Osimhen ń lé iye yẹn bọ̀, mo sì fẹ́ kí ó bá a, nítorí pé Osimhen ní ohun tí Yekini kò ní: dókítà tirẹ̀, agbẹjọ́rò tirẹ̀, òfin iṣẹ́ tó dáàbò bo àjèjì tó bá fara pa.

Ìbàdàn ni Yekini fi ìdí kalẹ̀ sí. Ó ń dá gbé, ó ń dá ṣe eré ìmárale, kì í fẹ́ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ní ọdún mélòó kan tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé ara rẹ̀ kò dá, pé àìsàn ọpọlọ ni. Àwọn kan sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Àwọn mìíràn sọ ọ́ bí àlọ́, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èpè àti ti owó tó sọnù bọ̀ ọ́, bí a ti í ṣe sí ọ̀rọ̀ orí ní ilẹ̀ wa. Ó dùn mí títí di òní pé ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè bá sunkún ayọ̀ di ẹni tí a ń yẹ̀ wò lórí ìròyìn. Ó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ẹni ọdún 48. Mutiu Adepoju àti Ike Shorunmu, tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù, wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún aráyé. Wọ́n sin ín sí ilé rẹ̀ ní Ìrá, ní ìpínlẹ̀ Kwara.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé bí Yekini bá dúró ní Setúbal, àìsàn kò ní mú un. Àìsàn ọpọlọ a máa mú ẹni tó lówó, a máa mú ẹni tó lórúkọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé agbábọ́ọ̀lù tó bá ti òkèèrè dé, ọjọ́ tó bá bọ́ bàtà ni gbogbo ènìyàn tó yí i ká tú: kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí yóò béèrè pé kí ló dé tí o kò wá lónìí, kò sí dókítà kíláàbù, kò sí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tó lè kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹbí nìkan ló kù, ẹbí kì í sì í ṣe dókítà. Ó yẹ kí ẹnì kan wà ní ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀lù wa, tí wọ́n ń sanwó oṣù fún, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pe àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù lórí fóònù lọ, kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì mọ ilé ìwòsàn tí yóò gbé ẹni tó bá ń ṣe àárẹ̀ lọ.

Òfin ilẹ̀ wa náà kò ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún tí Yekini kú, òfin tó de ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn ní Nàìjíríà ṣì ni ti ayé òyìnbó amúnisìn, èyí tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn ní 1958, tó ka aláìsàn sí ẹni tí a ó tì mọ́lé ju ẹni tí a ó wò sàn lọ. Oṣù Kíní ọdún 2023 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó yẹ ọmọ ènìyàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Yekini ti kú nígbà náà, iṣẹ́ kíkó òfin yẹn dé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣì wà nílẹ̀.